Orí Kẹrin: Ìkòkò Tí Ó Nípọn Jù

Akọ̀wé ti dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin kí ó tó ráyè pe orúkọ ẹnikẹ́ni. Ó dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àgbà tí ó jókòó lápá ọ̀tún, ó dọ̀bálẹ̀ fún àwọn tí ó jókòó lápá òsì, ó dọ̀bálẹ̀ fún Màmá Bọ́látitó, ìyá ìyàwó, nìkan nítorí pé màmá náà ní òun kò rí èyí tí ó kọ́kọ́ ṣe, lẹ́yìn náà ni ó wá dọ̀bálẹ̀ fún ìkòkò tí ó wà lórí tábìlì. Irin ni Akọ̀wé láti orí dé ẹsẹ̀. Orúnkún rẹ̀ òsì kò gba epo mọ́, nítorí náà gbogbo ìgbà tí ó bá ń dìde ni ó ń ké bí ilẹ̀kùn àtijọ́.

"Ẹ kú ọ̀sán o. Ẹ kú oòrùn. Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin tí ẹ rí àga. Ẹ kú ìdúró, ẹ̀yin tí ẹ kò rí. Ẹ kú ọ̀rọ̀ ilé, ẹ̀yin tọkọtaya. Ẹ kú ìfojúsọ́nà, ẹ̀yin ará Ìgbòkòdá. Ẹ̀yin amọ̀kòkò, ẹ kú iṣẹ́."

"Ó ti tó báyìí," ni Akinnífẹ̀sí wí. Òun ni ọkọ. Ó ti ká apá aṣọ rẹ̀ sókè láti ìgbà tí ó ti wọlé.

"Òfin ni, ẹ̀gbọ́n," ni Akọ̀wé dá a lóhùn. "Ẹ̀rọ tí kò bá tíì kí ènìyàn tán kò gbọdọ̀ dájọ́ fún un. Ẹ kú sùúrù."

Mo jókòó sórí bẹ́ńṣì àwa amọ̀kòkò, òǹtẹ̀ mi wà lórí itan mi, ọ̀gá mi Ìyá Ṣèjìdé sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kì í ṣe pé mo fẹ́ wá. Òfin ló ní kí ẹni tí ó ṣe ìkòkò ìgbéyàwó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń sọ ọ́ mọ́ òkúta. Èmi, Fẹ̀yìntọlá, ni mo ṣe ti Akinnífẹ̀sí àti Bọ́látitó ní ọdún méje sẹ́yìn. Ó wà lórí tábìlì níwájú wa, ó dúdú, ó ń dán bí ẹ̀yìn ẹja àrọ̀. Ojú àtàǹpàkò àwọn méjèèjì wà ní ọrùn rẹ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, wọ́n kéré bí ti ọmọ ọdún mẹ́rin.

Lẹ́yìn mi, bàbá kan ń ṣàlàyé fún àlejò rẹ̀ tí ó ti Ìbàdàn wá.

"Bí ó bá fọ́, wọ́n ti tú ká nìyẹn. Bí kò bá fọ́, wọ́n á jọ máa lọ sílé."

"Ó ti fọ́ rí?"

"Nígbà tí ó jẹ́ amọ̀ la fi ń mọ ọ́n, ojoojúmọ́ ló ń fọ́. Ṣùgbọ́n ọdún kọkàndínlógún rèé tí a ti ń fi oje iyanrìn ṣe é, èyí tí a ń sè láti ara iyanrìn funfun ọ̀sà. Kò tíì sí ọ̀kan ṣoṣo tí ó fọ́."

"Kí wá ni ẹ ń wá wò?"

"À ń wo bí yóò ṣe ta padà. Lọ́dún tó kọjá, ọ̀kan ta, ó lọ bá agogo ìlú. A rò pé ọjọ́ Ìsinmi ti dé."

Akọ̀wé ní kí tọkọtaya sọ ìdí tí wọ́n fi wá, kí wọ́n sọ ọ́ ní ṣókí.

"Ọkọ mi ra ògiri tí kì í gbàgbé nǹkan," ni Bọ́látitó wí. Obìnrin gíga ni, ohùn rẹ̀ kì í yára. "Bí mo bá ní n kò sọ báyìí, ògiri á ní, 'Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Ẹrẹ́nà, ní aago méje àárọ̀, ẹ sọ ọ́.' Ènìyàn wo ló lè bá ògiri jà?"

"Ó yọ etí mẹ́ta lára ògiri náà," ni Akinnífẹ̀sí wí, "ó sì sọ wọ́n sínú ọ̀sà."

"Mẹ́rin," ni Bọ́látitó wí.

Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀ pé mẹ́rin.

Màmá Bọ́látitó dìde lórí àga iwájú. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́," ó wí fún gbogbo èrò. "Kò ní fọ́. Èmi ni mo ní kí wọ́n ṣe é kí ó nípọn. Ìkòkò ọmọ ẹlòmíràn, bí èèpo àlùbọ́sà ló rí. Ẹ wo ti ọmọ tèmi."

Gbogbo ènìyàn wò ó. Èmi náà wò ó.

Akinnífẹ̀sí gbé ìkòkò náà sókè orí, ó sọ ọ́ mọ́ òkúta. Ó ta sókè, ó yí lẹ́ẹ̀mejì lójú ọ̀run, ó sì bà lé àyà Akọ̀wé. Èrò pàtẹ́wọ́. Bàbá ẹ̀yìn mi ní ó dára, ṣùgbọ́n kò tó ti agogo.

"Ẹ kú ìgbìyànjú," ni Akọ̀wé wí, ó sì gbé ìkòkò náà padà sórí tábìlì.

Èmi kò pàtẹ́wọ́. Ohun tí ìkòkò náà wí nígbà tí ó kan òkúta ni mo ń gbọ́. Ìkòkò oje tí ó péye máa ń dún gbooro bí aago ilé ìwé, ohùn rẹ̀ á sì pẹ́ létí ẹni. Èyí wí pé "kò", bí ìgbà tí ènìyàn kan igbá.

Mo mọ ohùn náà tẹ́lẹ̀. Oṣù mẹ́ta péré ni ó pé tí mo ti gba òǹtẹ̀ mi lọ́jọ́ tí Màmá Bọ́látitó kó ọmọ rẹ̀ àti àfẹ́sọ́nà ọmọ rẹ̀ wá sí ilé iṣẹ́ mi. Oje ti wà nílẹ̀ nínú agbada, ó pupa bí oyin, mo sì ti fi ọ̀rá bò ó kí ọ̀rinrin ọ̀sà má baà kàn án, nítorí bí ọ̀rinrin bá kàn án, ńṣe ni gbogbo ilé á máa rùn bí ìtọ̀ àná. Mo sọ fún wọn bí a ti ń ṣe é. A ó dà á, a ó fún un ní ooru díẹ̀ títí tí yóò fi dì bí rọ́bà, wọn ó tẹ àtàǹpàkò wọn mọ́ ọn lọ́rùn, lẹ́yìn náà ni yóò wọ inú ìléru tí a ti lé afẹ́fẹ́ kúrò nínú rẹ̀, tí ó jẹ́ náítírójìn nìkan ló kù níbẹ̀. Yóò dúdú. Yóò sunkì, bí ó bá gùn ní ìka mẹ́ta, ìka méjì ni yóò kù. Èyí tí ó bá kù yẹn, ọ̀bẹ kò lè họ ọ́ lára.

"Báwo ni ara rẹ̀ yóò ṣe nípọn tó?" ni màmá náà bi mí.

"Bí èékánná, Mà."

"Èékánná ta ni?"

"Èékánná ènìyàn, Mà."

Ó na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sí mi. Kì í ṣe àtẹ́lẹwọ́ kékeré. "Ọmọ mi, ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí. Ìwọ fẹ́ fi èékánná so ó mọ́ ọkọ. Jẹ́ kí ó nípọn tó èyí."

Ìyá Ṣèjìdé ti kọ́ mi. Nínú iná, oje máa ń mí. Èémí náà gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà jáde. Bí ara ìkòkò bá fẹ́lẹ́, á jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí ó bá nípọn, á há sínú, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ọ̀nà fúnra rẹ̀. Gbogbo èyí ni mo mọ̀. Ṣùgbọ́n màmá náà pè mí ní ọmọ mi lẹ́ẹ̀mẹta, nígbà tí yóò fi di ẹ̀kẹta, ohùn rẹ̀ ti yí padà, ojú sì ń tì mí láti bá ìyá ìyàwó jiyàn níwájú ìyàwó. Mo dà á kí ó nípọn. Nígbà tí ó jáde nínú ìléru, mo fi ṣíbí kàn án, ó wí pé "kò". Mo tún kàn án, bóyá ó ti ronú pìwà dà. "Kò." Ọ̀la ni ìgbéyàwó, ọkọ̀ àwọn àlejò ti ń gúnlẹ̀ ní èbúté. Mo gbé òǹtẹ̀ mi sí ìdí rẹ̀, iná òǹtẹ̀ náà tín-ín-rín bí òwú, ó sì kọ orúkọ mi sí i.

Láti ọjọ́ náà, kò sí èyí tí mo ṣe tí ó nípọn ju èékánná lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀kan yẹn wà nílé wọn fún ọdún méje.

Bọ́látitó bọ́ bàtà, ó gbé ìkòkò náà. Kò sọ ọ́ bí ọkọ rẹ̀ ṣe sọ ọ́. Ó wò ó tààrà, ó sún ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn, ó sì jù ú láti èjìká bí ẹni ju àwọ̀n. Ìkòkò náà lu òkúta, ó yí gbirigbiri wọ abẹ́ àga Màmá Bọ́látitó. Èrò tún pàtẹ́wọ́, màmá náà sì fi ẹsẹ̀ tì í jáde pẹ̀lú ẹ̀rín.

Èmi gbọ́ ohun kejì. Lẹ́yìn "kò" náà, "kẹ́" kékeré kan wá láti inú lọ́hùn-ún, bí ìgbà tí ènìyàn bá já ìka. Mo wo ojú àwọn ènìyàn. Kò sí ẹlòmíràn tí ó gbọ́ ọ. Ìkòkò náà ti là nínú. Bí wọ́n bá tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, yóò fọ́.

"Ìsinmi," ni Akọ̀wé wí. "Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ìbínú lè rọlẹ̀. Ẹ kú ìsinmi. Lẹ́yìn rẹ̀, amọ̀kòkò yóò dáhùn."

Ìdáhùn yẹn ni mo ń bẹ̀rù. Lẹ́yìn ìsọ kejì, Akọ̀wé á bi amọ̀kòkò bóyá ìkòkò ti jẹ́rìí. Bí mo bá ní ó ti jẹ́rìí, ẹjọ́ ti parí nìyẹn. Àwọn tọkọtaya á gba ilé lọ, ó sì di ọdún mẹ́ta kí wọ́n tó lè padà wá. Bí mo bá ní kò tíì jẹ́rìí, wọ́n á sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Fún ọdún mọ́kàndínlógún, kò sí amọ̀kòkò kan tí ó ní kò tíì jẹ́rìí rí. Kí ni yóò sọ ọ́ fún? Ìkòkò kò ní fọ́, oòrùn sì ń mú. Ṣùgbọ́n bí ìkòkò tí ó ní òǹtẹ̀ bá fọ́ pẹ́nrẹ́n, wọ́n á gba òǹtẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣe é, á sì padà sínú omi lọ máa fọ iyanrìn fún ọdún méje. Mo ti fọ iyanrìn rí kí n tó di amọ̀kòkò. Mo mọ bí omi yẹn ṣe tutù tó.

Bọ́látitó wá jókòó tì mí.

"Àbúrò mi, ìwọ lo ṣe é. Ibo ló ti rọ̀?"

"Kò sí ibi tí ó rọ̀, Ẹ̀gbọ́n." Bí wọ́n ṣe kọ́ wa láti máa dáhùn nìyẹn.

Ó mi orí. Ó ń fi etí aṣọ nu iyanrìn ẹsẹ̀ rẹ̀. "N kò kórìíra rẹ̀ o. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ bẹ́ẹ̀. Ó ti rẹ̀ mí ni. Mo kàn fẹ́ kí n máa pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà, kí n kí i pé ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, kí ó sì jẹ́ pé ó tó ọjọ́ mẹ́ta lóòótọ́."

Ó fọwọ́ kan èjìká mi, ó sì lọ wá omi mu.

Kò pẹ́ tí Akinnífẹ̀sí dé. Kò jókòó.

"Ṣé ó bi ọ́ níbi tí ó ti rọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ẹ̀gbọ́n."

"Kí lo sọ fún un?"

"Mo ní kò sí."

"Hẹ̀n-ẹ́n. Ó dára." Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ibo ni?"

"Kò sí, Ẹ̀gbọ́n."

Ó mí kanlẹ̀. "Mo ti pa ògiri yẹn láti oṣù mẹ́ta. Mo rò pé ògiri ló ń dá ìjà sílẹ̀. Lóòótọ́, a kò jà mọ́. A kò sì sọ̀rọ̀ mọ́. Bí mo bá wọlé, ó dà bí ìgbà tí mo wọ ilé onílé." Ó tún apá aṣọ rẹ̀ ká. "Ìyá rẹ̀ ní èmi ni mo bà á jẹ́. Bí ìkòkò yẹn bá lè fọ́ lọ́wọ́ àwa méjèèjì, kì í ṣe lọ́wọ́ èmi nìkan, inú mi á dùn."

Nígbà tí ó lọ, Ìyá Ṣèjìdé fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi. Etí rẹ̀ kò gbọ́ràn dáadáa mọ́, nítorí ọdún márùndínlógójì tí ó ti fi ń kan ìkòkò gbọ́. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ṣì ń ríran.

"Ó nípọn, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Báwo ló ṣe nípọn tó?"

Mo fi ìka méjì wọ̀n ọ́n. Ó pa ojú dé díẹ̀, bí ẹni tí eyín ń dùn.

"Ta ló kọ́ ọ?"

"Ẹ̀yin ni, Mà."

"Má sọ ọ́ sókè." Ó fà mọ́ mi. "Gbọ́. Sọ pé ó ti jẹ́rìí. Kí wọ́n máa lọ sílé. Ọdún mẹ́ta pọ̀, wọ́n lè fẹ́ràn ara wọn kí ó tó pé."

"Bí ó bá wá fọ́ nílé fúnra rẹ̀ ńkọ́, Mà?"

"Nígbà náà, ìjà wọn ni. Kì í ṣe tìrẹ." Ó fọwọ́ ra orúnkún rẹ̀. "Orúnkún mi méjèèjì, inú omi iyanrìn ni mo fi wọ́n sí, Fẹ̀yìntọlá. Ọdún méjì péré ni mo lò níbẹ̀. Ìwọ ń sọ ọdún méje."

Akọ̀wé dìde, orúnkún rẹ̀ ké. Gbogbo ènìyàn padà síbi ìjókòó wọn.

"Ẹ kú àbọ̀. Ẹ kú ìsinmi tí ẹ sinmi. Amọ̀kòkò Fẹ̀yìntọlá, ẹ kú ìrònú. Ṣé ìkòkò yìí ti jẹ́rìí?"

"Ó ti jẹ́rìí," ni Màmá Bọ́látitó dáhùn.

"Màmá, ẹ kú ìrànlọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yin kọ́ ni mo bi."

Mo dìde. Ojú mi wà lára Bọ́látitó, ó ti ń wá bàtà rẹ̀ lábẹ́ bẹ́ńṣì. Ó ti mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Gbogbo wọn ti mọ̀ ọ́n. Àwọn kan ti ń ká àga wọn. Ohun tí ó ká mi lára nìyẹn, bàtà yẹn, bí ó ṣe ń fi ẹsẹ̀ wá a láìwo ilẹ̀, bí ẹni tí kò retí nǹkan kan mọ́. Ọdún méje ni obìnrin yìí ti ń gbé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí mo mọ̀ pé irọ́ ni, orúkọ mi sì wà ní ìdí rẹ̀.

"Kò tíì jẹ́rìí," ni mo wí.

Akọ̀wé kò mira. "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un sọ."

"Kò tíì jẹ́rìí."

"Ẹ kú..." Nǹkan kan ń yí kíríkírí nínú orí rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ ní bí a ṣe ń kí ènìyàn fún irú èyí. "Ó dára. Ìsọ kẹta. Tọkọtaya gbọ́dọ̀ jọ sọ ọ́ pọ̀."

Ìyá Ṣèjìdé fi ìbòrí bo ojú rẹ̀.

Wọ́n di ìkòkò náà mú, ọwọ́ mẹ́rin lára rẹ̀. Ó pẹ́ kí wọ́n tó rí bí wọ́n ṣe máa dúró, nítorí pé Bọ́látitó ga ju ọkọ rẹ̀ lọ.

"A ó kà á dé mẹ́ta," ni Akinnífẹ̀sí wí.

"Ṣé ní mẹ́ta la ó sọ ọ́, àbí lẹ́yìn mẹ́ta?"

"Ní mẹ́ta."

"Ìgbà gbogbo lo máa ń kánjú. Lẹ́yìn mẹ́ta."

"Tí a bá ti pe mẹ́ta, kí ló tún kù láti dúró dè?"

"Kí a mí."

Ó wò ó. "Ó dára. Lẹ́yìn mẹ́ta."

Wọ́n kà á, wọ́n mí, wọ́n sì sọ ọ́.

Kò pariwo. Ó dún bí ìgbà tí ènìyàn bá pa ìwé ńlá dé. Ìkòkò náà dúró lórí òkúta bí ẹni tí ó ń ronú, lẹ́yìn náà ó pín sí mẹ́fà, ó sì sùn sílẹ̀.

Àlejò Ìbàdàn nìkan ló pàtẹ́wọ́. Nígbà tí ó rí i pé òun nìkan ni, ó rọra kó ọwọ́ rẹ̀ sí àpò.

Màmá Bọ́látitó ló kọ́kọ́ rìn. Ó lọ mú ọ̀kan nínú àfọ́kù náà, ó gbé e sójú oòrùn. Ihò kún inú rẹ̀, kékeré, ńlá, bí inú búrẹ́dì.

"Ta ló ní kí ó nípọn báyìí?" ó béèrè.

Ó wò mí, mo wo ilẹ̀, ó sì fi àfọ́kù náà pamọ́ sínú àpò rẹ̀ kí ẹlòmíràn má baà rí i.

Akọ̀wé ti ń wá ọ̀rọ̀ láti ìgbà yẹn. "Ẹ kú oríire," ó wí, ó gbọ̀n orí. "Rárá. Ẹ kú ìnira. Rárá." Ó dọ̀bálẹ̀, ó pẹ́ nílẹ̀. Nígbà tí ó dìde, ó ti rí i. "Ẹ kú ewu," ó wí. Àwọn àgbà kan wí pé àmín láìmọ̀.

Akinnífẹ̀sí tú apá aṣọ rẹ̀ sílẹ̀. "Ṣé ọkọ̀ aago mẹ́rin lo máa wọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Bọ́látitó wí. "Ìwọ ńkọ́?"

"Màá dúró de ti aago márùn-ún."

"Ó dáa."

Ó wọ bàtà rẹ̀. Kí ó tó lọ, ó wá dúró níwájú mi, ó wo òǹtẹ̀ tí ó wà lọ́wọ́ mi, ó wo ojú mi. Kò dúpẹ́. Ó kúnlẹ̀ fún èmi tí mo jẹ́ àbúrò rẹ̀, mo sì yára fà á dìde kí ẹnikẹ́ni tó rí i.

Wọ́n gba òǹtẹ̀ náà níbẹ̀. Akọ̀wé kò ní àpótí tí ó lè fi í sí, nítorí kò tíì gba òǹtẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan rí. Ó ṣí àyà ara rẹ̀, ó jù ú síbẹ̀, ó sì tì í. Títí di òní, bí ó bá dọ̀bálẹ̀ fún ènìyàn, a máa ń gbọ́ òǹtẹ̀ mi tí ó ń lọ gbọ̀ngbọ̀n nínú rẹ̀.

Ọjọ́ kẹrin tí mo wà nínú omi, ìròyìn ti tàn dé gbogbo etí ọ̀sà. Tọkọtaya mẹ́ta ti wá dúró sí bèbè kí wọ́n tó jẹun àárọ̀, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá tiwọn náà nípọn. Mo sọ òtítọ́ fún wọn, pé tiwọn fẹ́lẹ́, pé yóò pẹ́ ju àwọn ọmọ ọmọ wọn lọ. Wọ́n lọ pẹ̀lú ìbànújẹ́, wọ́n ń dá ara wọn lẹ́bi. Mo gbọn agbọ̀n iyanrìn mi, mo tì í wọ omi, mo wo iyanrìn funfun náà bí ó ṣe ń rì, ìdọ̀tí ń bá omi lọ. Ẹsẹ̀ mi kò mọ̀ mí mọ́.

Ọkọ̀ kékeré kan yà sọ́dọ̀ mi. Ọmọbìnrin kan wà níwájú, ọmọkùnrin kan wà lẹ́yìn, ó ń tukọ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Rìnsọ́lá ni mí. Túnmiṣe nìyí. A ó ṣègbéyàwó lóṣù tó ń bọ̀. Ìyá Ṣèjìdé ló ní kí a wá bá yín nínú omi."

"Wọn kò sọ fún yín pé n kò ní òǹtẹ̀ mọ́?"

"Wọ́n sọ. Wọ́n ní bí ẹ bá ronú ohun kan tí kì í ṣe ti òmùgọ̀, ẹ jẹ́ kí àwọn dà á, àwọn á fi òǹtẹ̀ tiwọn sí i."

Mo gbé agbọ̀n mi sórí ikùn. "Kí lẹ fẹ́?"

Rìnsọ́lá wo omi. "Ìkòkò tí ó nípọn. Ẹ má bínú. Kì í ṣe pé mo fẹ́ fi í sílẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Mo kàn fẹ́ mọ̀ pé ilẹ̀kùn wà nínú ilé."

"Èmi náà," ni Túnmiṣe wí láti ẹ̀yìn. "Kí ó nípọn."

Rìnsọ́lá yí ọrùn padà. "Ìwọ náà?"

"Ohun kan náà tí o sọ ni mo sọ."

"Mo mọ ìdí tí mo fi sọ tèmi. Kí nìdí tìrẹ?"

"N kò ní bá yín ṣe ìkòkò tí ó nípọn," ni mo wí. "Mo ti ṣe é lẹ́ẹ̀kan. Kì í ṣe ilẹ̀kùn, ihò ni. Ẹni tí ó bá ń gbé pẹ̀lú rẹ̀ kò ní mọ ọjọ́ tí yóò fọ́."

Àwọn méjèèjì kò gbọ́ mi. Wọ́n ti ń ṣe àríyànjiyàn lórí ìdí tí Túnmiṣe fi fẹ́ ilẹ̀kùn. Ọkọ̀ ń yí díẹ̀díẹ̀ nítorí pé kò sí ẹni tí ó ń tù ú mọ́. Mo ń wo ọwọ́ wọn. Bí wọ́n ti ń jà tó, ọwọ́ kan Rìnsọ́lá àti ọwọ́ kan Túnmiṣe jọ di etí ọkọ̀ mú kí ó má baà dojú dé. Kò sí ẹni tí ó sọ fún wọn.

"Bí mo bá ṣe é ní ààbọ̀ méjì ńkọ́?" ni mo wí.

Àwọn méjèèjì yíjú sí mi.

"Ààbọ̀ méjì tí ó fẹ́lẹ́, tí ó péye, tí kò lè fọ́ láé. Inú agbada oje kan náà ni a ó ti dà wọ́n, lọ́jọ́ kan náà, ìléru kan náà ni wọn ó sì wọ̀, kí wọ́n lè sunkì bákan náà. Bí ọ̀kan bá wọlé lọ́jọ́ kejì, wọn kò ní bá ara wọn mu mọ́."

"Kí ni yóò so wọ́n pọ̀?" ni Túnmiṣe béèrè.

"Ọwọ́ yín."

"Lójoojúmọ́?"

"Ẹ lè fi okùn dì í bí ẹ bá fẹ́ sùn."

Rìnsọ́lá ń fi ọwọ́ méjèèjì di afẹ́fẹ́ mú níwájú rẹ̀, ó ń wo bí yóò ṣe rí. "Bí ó bá sì wá di ọjọ́ kan..."

"Kálukú á mú tirẹ̀. Kò sí òkúta, kò sí èrò, kò sí Akọ̀wé."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Túnmiṣe fi ìsàlẹ̀ àjẹ̀ gún omi.

"Àǹtí, ṣé ẹ ó là á ní òòró ni, tàbí ní ìbú?"

"Èwo lẹ fẹ́?"

"Bí ó bá jẹ́ ní ìbú, èmi ni mo ní ìsàlẹ̀."

"Kí ló dé tí ìwọ fi ní ìsàlẹ̀?" ni Rìnsọ́lá wí. "Ìsàlẹ̀ ni ọbẹ̀ máa ń wà."

"Ìdí rẹ̀ náà nìyẹn."

Òfin kò gbà mí láyè láti jáde nínú omi kí aago mẹ́rin tó lù. Ṣùgbọ́n bèbè kò jìnnà, ọwọ́ mi sì gùn. Mo sọ agbọ̀n sílẹ̀, mo tẹ ìka mi mọ́ iyanrìn tútù, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìlà ààbọ̀ àkọ́kọ́, mo jẹ́ kí ó tóbi dáadáa nítorí ohun tí iná yóò jẹ nínú rẹ̀. Lẹ́yìn mi, wọ́n ti pín ọbẹ̀, wọ́n ti wá dórí ẹran.